Ẹ̀rọ Amúlétutù àti Ọ̀nà Tí Iná Ń Gbà Nínú Rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko obì àti oko kòkó ni a fi mọ Agége. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba ibẹ̀ kọjá, òun ni ó sì ń bá àwọn àgbẹ̀ kó obì wọn lọ sí Òkè Ọya. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ gbọọrọ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ní òpópónà Ọba Akran, ní Agídíngbì, ní Orégún àti ní Ọ̀gbà, títí ilé fi kan ilé láti Ìkẹjà dé Agége. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, agbègbè yìí bọ́ sínú rẹ̀, Ìkẹjà sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 1976.

Ilẹ̀ Èkó jẹ́ ibi tí ooru àti ọ̀rinrin jọ ń gbé. Ní irú ibẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní AC, kì í ṣe ohun fàájì nìkan. Willis Carrier, ará Amẹ́ríkà tí a kà sí ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ ní ọdún 1902, kò ṣe é nítorí kí ara lè tu ènìyàn. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ní ìlú New York, ni ó ṣe é fún. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa mú kí bébà wọn wú, kí ó sì tún súnkì, débi pé àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára rẹ̀ kì í bọ́ sí ojú ibi tí ó yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìkẹjà àti Agége lónìí. Ilé ìtẹ̀wé wà níbẹ̀, yàrá kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, yàrá tí a ń kó oògùn pamọ́ sí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ oògùn ni a kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀ pé kí ooru ibi tí a ó gbé e sí má ṣe ju 30°C lọ. Bí ẹ̀rọ amúlétutù irú yàrá bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, tí oníṣẹ́ tí a pè kò sì mọ ohun tí ó ń ṣe e títí di ọjọ́ Ajé, agbára oògùn tí aláìsàn gbẹ́kẹ̀ lé lè ti dín kù kí a tó fi tà á fún un.

Oríṣi oníṣẹ́ méjì ni a ń rí. Ti àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó ń méfò. Bí ó bá ti gbọ́ pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, yóò mi orí, yóò ní bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni ó kú, yóò sì gba owó bọ́ọ̀dù. Ti èkejì ni ẹni tí ó ń wádìí. Òun kò ní sọ ohunkóhun títí yóò fi tọ ipa ọ̀nà tí iná ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò sì mọ ibi tí ó gbé dúró. Àwọn àgbà ní, “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.” Ẹni tí ó bá dá ẹjọ́ ikú fún bọ́ọ̀dù láìgbọ́ ẹnu fíúsì, ẹnu sẹ́ńsọ̀ àti ẹnu mọ́tò, adájọ́ òṣìkà ni, àpò onílé ni yóò sì san owó ìtanràn.

Kí ènìyàn tó lè tọ ipa ọ̀nà kan, ó yẹ kí ó mọ bí ọ̀nà náà ti rí. Apá méjì ni ẹ̀rọ amúlétutù ti ara ògiri ní. Apá kan wà lókè ara ògiri nínú yàrá, apá kejì wà ní ìta. Páìpù bàbà méjì àti wáyà iná ni ó so wọ́n pọ̀. Gáàsì kan wà tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú páìpù náà. Bí ó bá dé apá ti inú yàrá, yóò gba ooru afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sára. Bí ó bá dé ìta, yóò tú ooru náà dànù. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí ó wà ní ìta ni ó ń ti gáàsì náà kiri, gẹ́gẹ́ bí ọkàn ti ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri inú ara. Ṣùgbọ́n nínú apá ti inú yàrá ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà wà, apá yìí sì ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé.

Bí odò ti ní orísun, tí ó sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà dé òkun, bẹ́ẹ̀ ni iná inú ẹ̀rọ. Láti ara súìṣì ògiri ni ó ti ń wá. Ó lè gba inú sítébíláísà kọjá, kí ó tó dé ibi tí a de wáyà mọ́ nínú ẹ̀rọ. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ inú bọ́ọ̀dù, ohun pẹlẹbẹ tí a to àwọn ẹ̀yà kéékèèké sí lára. Fíúsì ni aṣọ́bodè àkọ́kọ́ tí ó pàdé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀yà róbótó kan wà, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí owó kọ́bọ̀. Fárísítọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ fárísítọ̀ ni láti fi ara rẹ̀ gba ìyà nígbà tí iná bá wọlé ju bí ó ti yẹ lọ, kí fíúsì lè já, kí àwọn ẹ̀yà tí ó wà lẹ́yìn wọn má bàa jóná. Lẹ́yìn èyí ni tìrànsífọ́mà, tàbí ẹ̀yà mìíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ titun, yóò sọ iná ńlá náà di kékeré. Àwọn dáyóòdù yóò sọ iná tí ń lọ tí ń bọ̀ di èyí tí ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀nà méjì ni iná kékeré yìí wá pín sí: 12 fóltì fún àwọn rìléè àti mọ́tò kékeré tí ń yí ewé tí ń darí afẹ́fẹ́, 5 fóltì fún ọpọlọ, fún àwọn sẹ́ńsọ̀ àti fún ojú tí ń gba àṣẹ láti ọwọ́ rìmóòtù. Nígbẹ̀yìn, ọpọlọ yóò pàṣẹ fún rìléè, rìléè yóò sì tan iná ńlá sí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ní ìta.

Orísun odò yìí kò mọ́ nígbà gbogbo. Ilé iṣẹ́ ECN ni ó kọ́kọ́ ń bójú tó iná jákèjádò Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. NEPA rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1972, PHCN rọ́pò NEPA ní ọdún 2005, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, ìjọba fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ikeja Electric ni ó gba ti agbègbè yìí. Orúkọ yí padà, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ṣì ń pariwo “NEPA!” bí iná bá lọ. Iye tí ó yẹ kí iná inú ilé jẹ́ ni nǹkan bí 230 fóltì. Bí ẹrù bá pọ̀ lórí wáyà àdúgbò, ó lè lọ sílẹ̀ jìnnà sí iye yìí. Bí wáyà tí à ń pè ní níútírà bá sì já lára òpó, iná tí yóò wọ àwọn ilé kan lè fò sókè dé nǹkan bí 400 fóltì. Iná tí ó kéré jù kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè yí. Yóò máa kùn, yóò máa gbóná, yóò sì máa fa iná tí ó pọ̀ lọ́nà òdì. Iná tí ó pọ̀ jù ní tirẹ̀ ni í fọ́ fárísítọ̀, tí í sì já fíúsì. Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìkẹjà tàbí ní Agége gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn.

Kí ọwọ́ tó kan ẹ̀rọ, ààbò ni ìṣáájú. “Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.” Kí oníṣẹ́ pa súìṣì, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì bí ó bá ní, kí ó sì rí i dájú pé kò sí ẹni tí yóò tan iná náà lẹ́yìn òun. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà bá wà, pípa iná NEPA nìkan kò tó, nítorí iná mìíràn lè gba ẹ̀yìn wọlé lójijì. Kí ó fi mítà ìwọ̀n-iná wò ó pé iná ti kúrò lóòótọ́, kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé ojú lásán. Ẹ̀yà kan sì wà tí í ti iná mọ́ inú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa súìṣì. Kàpásítọ̀ ni à ń pè é. Kí a fi rẹ̀sísítọ̀ tí ó yẹ fa iná inú rẹ̀ jáde, kí a má fi irin súkúrúdiráfà kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí wíwọn iná bá di dandan tí ẹ̀rọ wà lórí iná, ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ó ṣe é. Kí ọmọ iṣẹ́ má dá a dán wò. Nínú àwọn bọ́ọ̀dù titun kan, apá tí a kọ 5 fóltì sí pàápàá kò yà kúrò lára iná ńlá, ó sì lè pa ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè sì ni í ṣíwájú irin iṣẹ́. Ìgbà wo ni ẹ̀rọ náà ti dákẹ́? Ṣé nígbà tí iná lọ tí ó sì padà dé ni? Ṣé ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ó tó dúró? Ṣé fìtílà kékeré iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú? Iye ìgbà tí fìtílà náà ṣẹ́jú, tàbí lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ó hàn lójú ẹ̀rọ, jẹ́ èdè tí ẹ̀rọ fi ń sọ àìsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè olùṣe kan kì í ṣe ti èkejì. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá ni ó lè túmọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ kò bá dá rìmóòtù lóhùn, kí a má tíì tú nǹkan kan. Kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì rìmóòtù. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde ní orí rìmóòtù kò ṣe é fi ojú lásán rí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ọ̀pọ̀ fóònù lè rí i: bí a bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ níwájú kámẹ́rà, tí ìmọ́lẹ̀ sì tàn lójú fóònù, rìmóòtù ń sọ̀rọ̀. Lábẹ́ ìdérí ẹ̀rọ, bọ́tìnnì kékeré kan sábà máa ń wà tí a fi lè tan án láìlo rìmóòtù. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, a ti mọ̀ pé fíúsì wà láàyè, pé iná wà, àti pé ọpọlọ ń ronú; rìmóòtù tàbí ojú tí ń gba àṣẹ rẹ̀ ni kí a wádìí. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo yìí ti gba ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú àìtọ́jọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan lójú ẹ̀rọ, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ni kí a lọ. Ṣé 230 fóltì dé ibi tí a de wáyà mọ́? Bí kò bá dé ibẹ̀, àìsàn náà kò sí nínú ẹ̀rọ rárá; súìṣì, sítébíláísà tàbí wáyà ara ògiri ni ó ni ín. Wáyà tí kò le dáadáa níbi tí a dè é mọ́ a máa gbóná, a sì máa dúdú, ojú tí ó ń wò dáadáa yóò rí i kí mítà tó dé. Bí iná bá dé ibẹ̀, kí a pa á, kí a yọ fíúsì, kí a sì fi mítà wò ó bóyá ọ̀nà ṣì là nínú rẹ̀.

Ibi tí a ti rí fíúsì tí ó já ni ìwà oníṣẹ́ ti ń hàn. Àwọn Yorùbá ní, “Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.” Fíúsì kì í dédé já. Bí fárísítọ̀ bá sán tàbí tí ó dúdú, iná àpọ̀jù ni ó kọjá. Bí fárísítọ̀ bá pé, ó lè jẹ́ pé dáyóòdù kan ti jóná, tàbí pé wáyà inú mọ́tò fáànù ti kan ara wọn. Oníṣẹ́ tí ó bá fi fíúsì titun sí i láìwádìí, ìṣẹ́jú àáyá kan ni yóò fi rí i kí ó tún já. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó bá ká wáyà bàbà mọ́ ẹsẹ̀ fíúsì, tí ó ní òun ti tún un ṣe. Aṣọ́bodè ni ó lé lọ, tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, fíúsì yìí kò ju ámpù mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Wáyà bàbà kì í já ní irú iye bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná àpọ̀jù bá tún dé, bọ́ọ̀dù ni yóò jóná dípò fíúsì. Iná lè ti ibẹ̀ mú ike ara ẹ̀rọ, kí ó mú kọ́tíìnì, kí ó sì mú ilé. Iye tí a kọ sí ara fíúsì ni kí a fi iye rẹ̀ rọ́pò, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí fíúsì bá pé, tí ojú ẹ̀rọ sì ṣókùnkùn, kí a tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà. Ṣé iná ńlá wọ inú tìrànsífọ́mà? Ṣé iná kékeré jáde níbẹ̀? Ṣé 12 fóltì wà? Ṣé 5 fóltì wà? Ibi tí iná bá dé, tí kò sì jáde ní òdìkejì, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Bí 12 bá wà tí 5 kò sí, ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń sọ 12 di 5 ni kí a fura sí, tàbí ohun kan tí ó ń fa iná 5 náà wálẹ̀. Kí a yọ àwọn sẹ́ńsọ̀ àti mọ́tò kúrò lára bọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí a bá ti pa iná. Bí 5 bá padà wá nígbà tí a yọ ọ̀kan tí a sì tún tan án, ọ̀daràn ti jẹ́wọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀rọ a tàn, a sì tún dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Níbí ni a ti ń dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi jù, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀dù náà kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ méjì sábà wà nínú ẹ̀rọ: ọ̀kan ń mọ ooru afẹ́fẹ́ yàrá, èkejì wà lára páìpù, ó ń mọ bí páìpù ti tutù tó. Bí ooru bá ti ń pọ̀ sí i ni ìdènà inú sẹ́ńsọ̀ ń dín kù. Bí òtútù bá ti ń pọ̀ sí i ni ìdènà náà ń ga. Sẹ́ńsọ̀ tí a kọ 10,000 óòmù sí yóò fi iye tí ó súnmọ́ èyí hàn ní 25°C. Nínú omi yìnyín, iye náà a tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Kí a yọ ọ́ kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí a fi mítà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí a sì di orí rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí iye tí mítà ń fi hàn bá ń rọra lọ sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ yè. Bí kò bá yí padà, tàbí tí mítà kò rí ọ̀nà kankan, ó ti kú. Bí sẹ́ńsọ̀ bá kú báyìí, ọpọlọ ń gba ìròyìn èké, ó sì ń dá ẹ̀rọ dúró kí ó má bàa bàjẹ́. Ọpọlọ ṣe ohun tí ó tọ́. Ìránṣẹ́ ni ó jíṣẹ́ irọ́.

Mọ́tò fáànù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí fáànù nígbà tí iná ti kúrò. Bí ó bá le, ìdọ̀tí tàbí béárìnì tí ó ti gbó ni ó fà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná. Bí ó bá ń yí wẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí kò lè dá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná wà, nínú àwọn mọ́tò tí ó ní kàpásítọ̀, agbára kàpásítọ̀ náà lè ti dín kù. Kí a fi mítà wọ̀n ọ́n, kí a sì fi wé iye tí a kọ sí i lára. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ohun kékeré kan tún wà nínú mọ́tò tí ń ka iye ìgbà tí ó yí, tí ó sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí iṣẹ́ yìí kò bá dé, ọpọlọ yóò gbà pé fáànù kò yí, yóò sì pa á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fáànù ń fẹ́ lójú gbogbo ènìyàn.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ti ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tutù. Kí a ṣe sùúrù ná, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni a ṣe kí ó dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó tan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀; àìnísùúrù ti mú kí a tú ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú náà, kí a tẹ́tí sí rìléè. Ó yẹ kí ó dún “kẹ́”. Kí ọ̀gá sì wọn iná níbi tí wáyà ti ń jáde lọ sí ìta. Bí rìléè bá dún tí iná kò sì jáde, ẹnu rìléè ti jóná. Bí 230 fóltì bá ń jáde lọ, apá ti inú yàrá ti jàre ẹjọ́. Kí a gbé ìwádìí lọ sí ìta, sọ́dọ̀ kàpásítọ̀ ńlá ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, fáànù ìta àti gáàsì. Àwọn ẹ̀rọ oní-ínfátà yàtọ̀ níbí: ọpọlọ ti inú kì í tan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, ńṣe ni ó ń fi wáyà kan bá ọpọlọ ti ìta sọ̀rọ̀. Ìwé olùṣe ẹ̀rọ ni kí a tẹ̀ lé fún un.

Kí a gbà pé yàrá oògùn kan wà ní Ọ̀gbà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń tàn tí ó sì ń dákẹ́. Améfò dé, ó ní bọ́ọ̀dù ti kú. Ó lọ ra tòkunbọ̀, ó fi sí i, ẹ̀rọ sì tún dákẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀dù tí òun rà kò dára, ó tún lọ ra òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, yàrá ń gbóná. Olùwádìí dé. Ó béèrè, ó wo fìtílà tí ń ṣẹ́jú, ó rí i pé 12 àti 5 fóltì pé. Ó wọn sẹ́ńsọ̀ páìpù, mítà kò rí ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ náà, ó sì bá ibi tí eku ti gé e jẹ. Ó fi sẹ́ńsọ̀ titun sí i, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì palẹ̀ mọ́. Ó béèrè ibi tí eku gbà wọlé, ó sì rí i pé ihò tí páìpù gbà jáde lára ògiri ni wọ́n fi sílẹ̀ gbayawu lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọ́. Ó dí ihò náà. Bí kò bá dí i, sẹ́ńsọ̀ titun yóò di oúnjẹ eku ní oṣù tí ń bọ̀.

Níbí ni pàtàkì ẹ̀kọ́ yìí wà. Wíwá ẹ̀yà tí ó bàjẹ́ jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Wíwá ohun tí ó bà á jẹ́ ni ìdajì kejì. Ẹni tí ó pààrọ̀ fárísítọ̀ láìsọ fún onílé pé kí ó fi sítébíláísà sí i, tàbí ẹni tí ó pààrọ̀ rìléè láìde wáyà tí ó gbóná le, ó fi àrùn sílẹ̀ ó ń tọ́jú ojú egbò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó bá ń kọ́ṣẹ́ yìí, kí ó ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ohun tí ó wọ̀n sínú rẹ̀: iye fóltì tí ó bá níbẹ̀, iye tí sẹ́ńsọ̀ fi hàn, ẹ̀yà tí ó pààrọ̀, àti ìdí rẹ̀. Kí ó fi ẹ̀yà àtijọ́ han onílé kí ó tó gba owó titun. Mítà kì í parọ́ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. Oníṣẹ́ tí òun náà kì í parọ́ kò ní ṣàìrí iṣẹ́ ṣe ní Ìkẹjà àti Agége.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìdí tí Willis Carrier fi ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọdún 1902?
2. Ka àwọn ibi tí iná ń gbà kọjá lẹ́sẹẹsẹ, láti ara súìṣì ògiri títí dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ.
3. Kí ni ó burú nínú kí a fi wáyà bàbà rọ́pò fíúsì?
4. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ kan ṣì yè?
5. Ṣàlàyé òwe yìí gẹ́gẹ́ bí a ti lò ó nínú àyọkà: “Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.”
6. Kọ àròkọ kan lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí o mọ̀ dáadáa, kí o sì fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin améfò àti olùwádìí nínú iṣẹ́ náà hàn.